Rejoice Wà ní Ẹgbẹ́ Kajú

Kàbà,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ọmọ́ṣọlá ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun òtútù, okun àárò ilé. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tí ó ń dùn ọ́ nítorí gbígbé àwọn arúgbó yẹn sókè sódò ti rọlẹ̀? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́. Òjò kò jẹ́ kí a sinmi lọ́dún yìí. Ó ṣí páànù kan lórí kíláàsì kẹfà, a sì kó àwọn ọmọ náà pọ̀ mọ́ ti kíláàsì karùn-ún, wọ́n wá há síbẹ̀ bí iṣu nínú ọkọ̀.

Mo mọ̀ pé wàá tún máa rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìwọ á máa sáré lọ síbi iṣẹ́, ohùn á máa já, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ á sì kù sí mi nínú. Nínú lẹ́tà, o ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí, ọ̀gá ilé ìwé wa, ló ń bá mi ya fọ́tò rẹ̀ tí ó sì ń fi ránṣẹ́ sí ọ lórí wásáàpù. Tìrẹ náà, mo máa ń ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà ọjà, torí ojú mi kò gbé lẹ́tà wẹ́wẹ́ orí fóònù mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ rèé. Nígbà ìsinmi, wọ́n pe àwa tíṣà kan lọ sí ìlú Ìyàrá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin tó kọ́ wa bi wá ní ìbéèrè kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, "Nínú kíláàsì yín, àwọn wo ló lè ka ohun tí ẹ ń kọ sójú bọ́ọ̀dù?" Láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn mi ni mo ti ń kọ́ni. Mo mọ ta ni bàbá ta ni, mo mọ ẹni tí kì í jẹun kó tó wá sílé ìwé, ṣùgbọ́n n kò lè dá obìnrin yẹn lóhùn.

Nígbà tí a padà dé, a pe àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, karùn-ún àti kẹfà síta lọ́kọ̀ọ̀kan. A fi lẹ́tà hàn wọ́n, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ìtàn kékeré kan, ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ lẹ́nu. Ọmọ́ṣọlá, ẹ̀rù bà mí. Ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò sẹ́kọ́ńdìrì ò lè so "ba" mọ́ "ta". Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rẹwà o. Ó lè da gbogbo ojú bọ́ọ̀dù kọ láìṣe àṣìṣe kankan, kò sì mọ ohun tó kọ.

Nítorí náà a ti tú kíláàsì ká. Láràárọ̀, bí aago bá ti lù, fún wákàtí kan, kò sí kẹrin, kò sí kẹfà. Àwọn tó ṣì ń wá lẹ́tà kiri ń wá sọ́dọ̀ mi, àwọn tó lè ka ọ̀rọ̀ ń lọ sọ́dọ̀ tíṣà kejì, àwọn tó lè ka ìtàn wà lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ: Kajú, Ọsàn, Ìbẹ́pẹ. A rò pé orúkọ èso kò ní jẹ́ kí wọ́n mọ èyí tó wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti mọ̀. A ń tẹ́ ẹní sílẹ̀, a ń fi páálí gé lẹ́tà, a ń kọrin, a ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti gòkè, a ó tún dán an wò, á sì ṣí lọ sí ẹgbẹ́ tó kàn.

Rejoice ọmọ rẹ wà ní Ẹgbẹ́ Kajú, lọ́dọ̀ mi. Má jẹ́ kí ó dùn ọ́. Ara rẹ̀ yá, ó ń ga, bàtà tí o fi ránṣẹ́ ti ń fún un. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́ pé kí o ya fọ́tò tí o kò wọ aṣọ iṣẹ́.

Ìyá rẹ,
Florence.


Leicester,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ìyé mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Mo kí yín, mo kí ilé, mo kí Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí. Ẹ̀yìn mi ti sàn díẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà nígbà tí lẹ́tà yín wọlé. Mo kà á dé ibi tí ẹ ti dárúkọ Rejoice, mo sì padà sókè láti kà á, mo rò pé ojú mi ló ṣì í rí.

Ìyé, báwo ló ṣe jẹ́? Rejoice tó gba ipò kẹrin ní Lọ́kọ́ja kó tó wá sọ́dọ̀ yín? Ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ ìparí ọdún tí ó dúró níwájú gbogbo òbí, tí ó ka ìtàn lédè Gẹ̀ẹ́sì láìkọsẹ̀? Bàbá rẹ̀ ṣì wà láàyè nígbà náà. Michael gbé e lé èjìká jáde kúrò nínú gbọ̀ngán, ó ń pariwo pé dókítà lòun bí. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Ṣé ọmọ tó ṣe ìyẹn ló di ẹni tí ń wá lẹ́tà kiri?

Ẹ ní kí ó má dùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá wà lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kéré sí i, ó ń ṣa páálí. Tí a bá tilẹ̀ ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, Yorùbá ni ẹ tún fi ń kọ́ ọ. Kí ló fẹ́ fi ṣe níbí bí mo bá rí ọ̀nà mú un wá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an. Obìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó yìí. Ó ní nígbà tí ọmọ òun wà ní kékeré, wọ́n fi í sí tábìlì àwọn tí kò mọ̀wé nílé ìwé. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi jáde. Kò sẹ́ni tó tún bi í léèrè ohunkóhun, iṣẹ́ tó rọrùn tí wọ́n ti mọ̀ pé yóò lè ṣe ni wọ́n ń gbé fún un. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, kì í fẹ́ gbé ìwé dání.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé Rejoice lọ sí Ìbẹ́pẹ. Ẹ̀yin ni tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ lè fa bírò kọjá lórí rẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wá ilé ìwé aládàáni kan fún un ní Kàbà. Màá wá bí mo ṣe máa ṣe é.

Èmi ọmọ yín,
Ọmọ́ṣọlá.


Kàbà,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹwàá, 2025.

Ọmọ́ṣọlá ọmọ mi,

Okun o. Okun ìrònú. Mo ka lẹ́tà rẹ, ó gbóná lọ́wọ́ mi, mo sì gbé e sílẹ̀ kó tutù kí n tó fèsì. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, kí o má baà rò pé mo kàn fẹ́ fi ọmọ rẹ wọ́lẹ̀.

Nígbà tó kan Rejoice láti kàwé fún mi, òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó kó ti Lọ́kọ́ja bọ̀. Ó ṣí i, ó ń kà á. Ó dùn mọ́ mi nínú. Mo ní kó ṣí ojú ewé tó kàn. Ó ṣí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ojú ewé àkọ́kọ́ ló ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo gba ìwé náà, mo pa á dé. Ó ń kà á lọ! Orí ni gbogbo rẹ̀ wà, Ọmọ́ṣọlá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo wá fi igi kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀, láti inú ìwé yẹn náà. Kò wo ilẹ̀. Ẹnu mi ló ń wò. Ó ní, "Ìyé àgbà, ẹ kọ́kọ́ kà á kí n gbọ́."

Ọmọ yìí kì í ṣe aláìlọ́gbọ́n. Ẹni tó há odindi ìwé sórí kí àṣírí rẹ̀ má baà tú, ọpọlọ rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ó kàn jẹ́ pé ní Lọ́kọ́ja, gbogbo wọn ń ké e papọ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì ròkè láàárín wọn. Ta ni yóò fura?

Ní ti pé kí n fa bírò kọjá lórí orúkọ rẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Sùlèímánì fún ọ. Sùlèímánì tó ń ta símẹ́ǹtì àti páànù lọ́jà, o mọ ilé wọn. Ọmọ rẹ̀ Nàíìmà wà ní kíláàsì kẹfà, òun náà bọ́ sí Kajú. Bí ọmọ ṣe sọ fún un nílé báyìí, ó yọ ọ́ kúrò nílé ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, a ò rí i. Ó wá fúnra rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi, kò tilẹ̀ kí mi.

"Tíṣà, ọmọ mi ń ka Kùránì nílé kéwú. Ẹ wá ní kò mọ lẹ́tà?"

Mo ní, "Lẹ́tà ti ibí yìí ni kò tíì mọ̀. Yóò mọ̀ ọ́n."

"Ọmọ ẹlòmíràn ni kí ẹ lọ fi ṣe eré páálí yín."

N kò bá a jà. Mo mú un lọ sójú fèrèsé. Rejoice wà lórí ẹní, ó ń to páálí síwájú.

"Ta nìyẹn?"

"Ọmọ Ọmọ́ṣọlá ni. Ọmọ-ọmọ mi."

"Èyí tí ìyá rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù?"

"Òun náà ni."

Ó ṣí fìlà, ó họ orí, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Nàíìmà ti dé kí n tó dé. Òun àti Rejoice ló ń jókòó lórí ẹní kan náà báyìí. Bí mo bá wá gbé Rejoice lọ sí Ìbẹ́pẹ lọ́la torí pé ìyá rẹ̀ bínú, ẹnu wo ni n ó fi bá ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀? Àwọn òbí yòókù ń kó? Ojú gbogbo wọn wà lára mi.

Ní ti Yorùbá, èdè tí ọmọ gbọ́ ni à ń kọ́kọ́ fi kọ́ ọ kà. Bó bá ti rí bí lẹ́tà ṣe ń so mọ́ ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì ò ní pẹ́.

Má jẹ́ kí èsì rẹ pẹ́. Bí o bá dákẹ́, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Ìyá rẹ,
Florence.


Leicester,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 2025.

Ìyé,

Okun o. Mo pẹ́ kí n tó fèsì. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, mo pa á rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ibi fèrèsé ni mo ti máa ń pa á rẹ́.

Ẹ mú àlejò wá sójú fèrèsé, ẹ na ìka sí ọmọ mi. Bí ẹni ń fi ọjà han oníbàárà. Kí ọmọ Sùlèímánì lè padà, ẹ fi ọmọ tèmi ṣe àpẹẹrẹ. Mo bi yín léèrè o: ta ló ń jókòó lórí ẹní yẹn fún ire Rejoice, ta ló sì ń jókòó níbẹ̀ kí orúkọ yín má baà bàjẹ́?

Ẹ ò mọ bí ó ṣe rí níbí. Kí n tó dé ni wọ́n ti ṣe òfin pé àwa tí a ń tọ́jú arúgbó ò gbọ́dọ̀ mú ọmọ wa wá mọ́. Àwọn arúgbó tí mò ń wẹ̀ ń bi mí pé ọmọ mi dà, mo sì máa ń dáhùn pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá mi, tíṣà ni ìyá mi, ọmọ mi mọ̀wé gan-an. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń tu ara mi nínú. Kí ni kí n máa sọ fún wọn báyìí? Ṣé kí n wá máa sọ pé olódo ni mo bí? Ojú ń tì mí, Ìyé. Ojú ń tì mí.

Mo ti bá Priscilla, àbúrò Michael, sọ̀rọ̀. Yóò wá láti Lọ́kọ́ja ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, yóò sì mú Rejoice padà lọ sí ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́. Ẹ bá mi di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Ẹ sọ pé ẹ ó tún máa dán wọn wò. Láti oṣù Kẹsàn-án, ṣé ẹ ti tún dán Rejoice wò? Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọmọ́ṣọlá.


Kàbà,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kọkànlá, 2025.

Ọmọ́ṣọlá,

Okun o. N kò lè jókòó kí ọ pẹ́ lónìí. Rejoice ti ka lẹ́tà rẹ.

Orúnkún ń dùn mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wá rán an pé kó bá mi gba pépà náà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bí ilé ìwé bá ti parí. Mo dáná, mo se ẹ̀wà, oòrùn ń lọ sẹ́yìn òkè, n kò rí i. Mo gbéra lọ síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ní ó ti pẹ́ tó ti gba pépà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri, mò ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ dà rú. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí rí mi lójú ọ̀nà, ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀.

Ilé ìwé la ti bá a. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kíláàsì wa, pépà wà lórí itan rẹ̀. Mo ní, "Rejoice, kí lò ń ṣe níbí?" Kò gbójú sókè. Ó fi ìka lé ìlà kan, ó sì kà á sókè fún mi, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kan, jẹ́jẹ́: "Ṣé. Kí. N. Wá. Máa. Sọ. Pé. Olódo. Ni. Mo. Bí." Ó wá bi mí, "Ìyé àgbà, èmi ni?"

Gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń gbọ́ tí ọmọ ń kàwé. Kò sí ìwé kíkà tó tíì gún mi lára bí ìyẹn. Mo gbà á mọ́ra, ó dúró gbagidi bí igi.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, tí ó ń rìn níwájú, Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Màmá, ọmọ tó dá ka ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́, kí ló ń ṣe ní Kajú?"

O bi mí bóyá mo ti tún dán an wò. N kò dán an wò. A dán gbogbo àwọn yòókù wò nínú oṣù Kẹwàá. Nàíìmà yege, ó lọ sí Ọsàn. Nígbà tó kan Rejoice, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà dé, mo tún sún un síwájú. Mo ń wo ojú Sùlèímánì lọ́kàn mi, mò ń gbọ́ ohun tí àwọn òbí yóò sọ pé tíṣà ti gbé ọmọ tirẹ̀ sókè. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe ojúsàájú sí i, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òun nìkan ló ń dá jókòó lórí ẹní tí òun àti Nàíìmà jọ ń jókòó sí, kò sì bi mí léèrè rí pé kí ló dé. Ọ̀rọ̀ bírò tí o sọ kò tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tábìlì tí o sọ yẹn, èmi gan-an ni mo ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì mo ní kí Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí dán an wò, kí ó má jẹ́ ọwọ́ mi. Ó ka lẹ́tà, ó ka ọ̀rọ̀, ó ka gbólóhùn. Ìtàn ló dá a dúró. Ó ti wà ní Ọsàn báyìí. Kò rẹ́rìn-ín sí i. "Bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan ló ń bá mi sọ. Nígbà tí o pè lọ́jọ́bọ̀, tí mo ní ó ti sùn, kò sùn. Ẹ̀gbẹ́ mi ló wà, ó ń mi orí pé òun ò fẹ́.

Kọ̀wé sí i. Má kọ ọ́ sí mi.

Florence.


Kàbà,
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kọkànlá, 2025.

Ọmọ́ṣọlá ọmọ mi,

Okun o. Ṣé kò sí nǹkan? Àmì wà lórí fóònù Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí pé o ti rí lẹ́tà mi, ṣùgbọ́n o ò fèsì. Láràárọ̀ ni mo ń bi í, òun náà ti ń sá fún mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

Priscilla dé lánàá. N kò di ẹrù kankan. Rejoice fúnra rẹ̀ ló di báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà. Kò sunkún. Mo rò pé ó ti lọ nìyẹn. Mo ń wá nǹkan tí n ó dì fún un jẹ lọ́nà, n kò mọ ohun tí mò ń mú.

Ni ó bá bi Priscilla, "Àǹtí, ní Lọ́kọ́ja, ṣé a ó tún máa kà á papọ̀?"

Priscilla ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o. Gbogbo yín á jọ máa kà á. Á dùn."

Rejoice ní, "Tá a bá ń kà á papọ̀, mi ò ní mọ̀ bóyá mo mọ̀ ọ́n."

Ó sì jókòó lé báàgì náà. Priscilla yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ọmọ́ṣọlá ló rán mi, wọn ò ní kí n fipá wọ́ ọmọ." Ó jẹun, ó wọkọ̀, ó padà lọ ní òun nìkan.

Ìwọ ni ìyá rẹ̀. Bí o bá ní kó lọ, n ó mú un lọ sí Lọ́kọ́ja fúnra mi. Ṣùgbọ́n sọ nǹkan. Bínú sí mi bí o bá fẹ́, má kàn dákẹ́.

Ìyá rẹ,
Florence.


Leicester,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kejìlá, 2025.

Ìyé mi,

Okun o. Ẹ dárí jì mí pé mo dákẹ́. Lẹ́tà yín bá mi níbi iṣẹ́, mò ń fún ìyá arúgbó kan ní ọbẹ̀ mu. Mo kà á dé ibi tí Rejoice ti fi ìka lé ìlà yẹn, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá náà bi mí pé ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú, mo sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ fèsì. Mi ò mọ bí a ṣe ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lójú ẹni tó ti kà á.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Tí ọmọ náà bá ń ṣe dáadáa, á jẹ́ pé kíkúrò tí mo kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ máa sọ fún mi. Ẹ̀yin wá sọ òótọ́, ó sì bí mi nínú. Ní ti pé ẹ dá a dúró lórí ẹní torí ojú àwọn èèyàn, ó dùn mí, Ìyé, mi ò ní pa irọ́ fún yín. Yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó kúrò lọ́kàn mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́.

Priscilla pè mí. Ó sọ ohun tí Rejoice sọ lórí báàgì. Kó dúró sí Kàbà. Bí ẹ bá tún fẹ́ dán an wò, kí Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí ṣe é lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ẹ sì sọ ohun tó bá rí fún mi, ì báà dùn, ì báà korò.

Ewé tó tẹ̀lé èyí, ti Rejoice ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á fún un.

Ọmọ yín,
Ọmọ́ṣọlá.


Rejoice ọmọ mi,

Mo kọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa rẹ. O kà á. Ìwọ kọ́ ni olódo. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo sì wá ọ̀rọ̀ tí ó le jù, mo kọ ọ́.

Mi ò mọ̀ pé wàá kà á. Ìyẹn kò mú kí ó dára. Bí o kò bá tilẹ̀ lè kà á, kò yẹ kí n kọ ọ́.

Ó dùn mí pé lẹ́tà mi àkọ́kọ́ tí o máa kà ní ayé rẹ, ìyẹn ló jẹ́. Mo fẹ́ kí o ní òmíràn. Òun ni mo ń kọ yìí.

Kí lò ń kà báyìí? Ọ̀rọ̀ wo ló ṣòro? Ta lo jókòó tì? Kọ ọ́ sí mi bí ó ṣe wà. Má tún un ṣe torí mi.

Mọ́mì.


Kàbà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejìlá, 2025.

Mọ́mì,

Okun o. Èmi Rejoice ni mo kọ ọ́. Ìyé àgbà kò bá mi kọ ọ́, wọ́n kàn bá mi fi àmì sí orí ọ̀rọ̀.

Mo ka lẹ́tà yín. Èmi nìkan ni mo kà á. "Burúkú" kò ṣòro. "Àkọ́kọ́" ló ṣòro, mo pẹ́ níbẹ̀.

Mo wà ní Ọsàn. Èmi àti Nàíìmà ni a jọ jókòó. Nàíìmà máa ń sáré kàwé, ó máa ń fo ọ̀rọ̀. Èmi kì í fò ó. Tí mo bá dé ibi tí mi ò mọ̀, mo máa ń dúró. Tíṣà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé mo lọ sí ilé wọn. Bàbá Nàíìmà ní kí n kọ́ àbúrò Nàíìmà ní páálí. Mo kọ́ ọ ní "ba", ó fi páálí náà sẹ́nu.

Ìyé àgbà bẹ̀ mí. Wọ́n kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n dìde, orúnkún ń dùn wọ́n. Mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní kí n kọ pé mo ti dárí jì yín. Mi ò kọ ọ́. Ó ṣì máa ń dùn mí tí mo bá ń jẹun tí mo rántí. Tí kò bá dùn mí mọ́, màá kọ ọ́.

Ní ọjọ́ Ajé wọ́n máa tún dán wa wò. Ọ̀gbẹ́ni Oyèbánjí ní mo lè lọ sí Ìbẹ́pẹ, mo sì lè dúró. Tí mo bá dúró, màá sọ fún yín. Kí ẹ má bínú.

Tí ẹ bá tún fẹ́ sọ nǹkan nípa mi, ẹ má kọ ọ́ sí Ìyé àgbà. Èmi ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Rejoice.